Ìwé Àbá Àǹtí Móríámọ̀

Ìró ẹ̀rọ ìlọta aládùúgbò wa ní Doka ló gbé mi padà sí ìgbà èwe lánàá. Ọmọ mi ń kàwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ìlà kan náà ló ń kà lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì fẹ́ pè é ní olódo. Ọ̀rọ̀ náà dé ètè mi, kò jáde. Ẹ̀yin àbúrò mi, èmi náà ti jẹ́ orúkọ yẹn rí.

Ní Kinkinau ni, àdúgbò tí à ń gbé nígbà yẹn, mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Màmá ń fi ẹ̀rọ lọ ata àti ẹ̀wà fún gbogbo àdúgbò, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ náà ló sì ní kí n ti máa kàwé, kí ojú òun lè wà lára mi. Ohun tí mo bá kà, mo ti gbàgbé rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Màmá pinnu pé tí mo bá tún fìdí rẹmi ní sáà yẹn, ilé aránṣọ ni mò ń lọ.

Àǹtí Móríámọ̀, ará Ìlọrin bíi tiwa, ló gba yàrá ẹ̀yìn. Ẹ̀kọ́ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá ló ń kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́. Ó tín-ín-rín, kì í pariwo, ó sì ní ìwé kan tó ń kọ àbá rẹ̀ sí. "Ẹ má tíì mú un kúrò nílé ìwé, Màmá. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣe é."

Àbá àkọ́kọ́: ebi ni. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko, ó ń fún mi ní kókó àti kòsé, ìyẹn ògì àti àkàrà, kí n tó kàwé. Ọ̀rọ̀ mẹ́wàá ni mò ń kọ́ sórí lójúmọ́, ibì kan náà, àkókò kan náà. Oúnjẹ nìkan ló yí padà. Mo yó, mo sanra díẹ̀, mẹ́ta péré ni mò ń rántí. Ó kọ ọ́ níṣojú mi: "Àbá mi kò rí bẹ́ẹ̀." N kò tíì rí àgbà tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé òun ṣì í, tó sì tún ń rẹ́rìn-ín.

Àbá kejì: ariwo ẹ̀rọ. Ó mú mi lọ sí yàrá rẹ̀, mo rántí mẹ́jọ. Inú wa ń dùn lọ, àfi ìgbà tí Màmá jẹ́wọ́ pé àràárọ̀ ọ̀sẹ̀ náà lòun ń fún mi ní oyin àti hàǹtú, omi tí Alfa fi fọ wàláà.

Àǹtí fọwọ́ lẹ́rán. "Màmá, èwo ni ká wá sọ pé ó ṣiṣẹ́?"

"Ó kúkú ti ń rántí. Kí lo tún ń wá, Tíṣà?"

"Tí oyin bá tán ńkọ́? Ẹyọ kan la ó máa yí, Màmá."

A bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Oyin àti hàǹtú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ: mẹ́ta. Yàrá Àǹtí láìsí wọn: mẹ́sàn-án. Ó tún un ṣe, kó má lọ jẹ́ kòńgẹ́. Kò fi Alfa ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní àdúrà ní ààyè tirẹ̀, ariwo náà ní tirẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, bí mo ṣe ṣí ìwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, Màmá pa á.

"Haba Ìyá, ẹ̀wà wa ńkọ́?" làwọn oníbàárà ń kùn.

"Ọmọ mi ń kàwé. Ẹ jókòó."

Bí mo ṣe parí sẹ́kọ́ńdìrì nìyẹn. Aránṣọ ò rí mi.

Àǹtí ti padà sí Ìlọrin, wọ́n ti wó ilé Kinkinau náà, iná mànàmáná ló ń yí ẹ̀rọ ìlọta báyìí. Màmá wá kí wa lánàá. Ó wo ọmọ mi, ó wo fèrèsé, ó wo ìgò tí mò ń gbé bọ̀.

"Gbé oyin yẹn sílẹ̀," ló wí. "Ti fèrèsé ná. Ẹyọ kan la ó máa yí."