Òdòdó Ìsàlẹ̀ Abọ́ Omi

Ẹ̀rọ omi kan ló wúkọ́ létí mi ní àdúgbò Ọgbà nílùú Èkó lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá. Mo wà nínú ilé ìdáná Rántí, àbúrò mi, mo ń ṣa ẹ̀wà fún ìkómọ ọmọ rẹ̀ tí a fẹ́ ṣe lọ́jọ́ kejì. Láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ilé náà ni ẹ̀rọ yẹn ti wà lára ògiri láìṣiṣẹ́. Àkísà tí wọ́n fi ń nu tábìlì ni wọ́n ń fi kọ́ ọ lọ́rùn. Lójijì, ó wúkọ́. Ó mí fíì bí àgbàlagbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gun òkè, ó gbọ̀n, ó tu omi pupa díẹ̀ sílẹ̀, òórùn irin àtijọ́ sì gba gbogbo inú ilé. Àwọn ọmọdé àdúgbò pariwo, "Omi ìjọba ti dé o!" Ìyàwó Rántí, tó gbé ọmọ tuntun mọ́ àyà, bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ má dá a lóhùn jàre. Píọ̀ wọ́tà la máa fi kó ọmọ wa jáde lọ́la."

Ó ń ṣàwàdà ni. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ti dúró nínú ẹ̀wà. Mo mọ ikọ́ yẹn. Ẹ̀yin tí ẹ bá omi inú ọ̀rá láyé, ẹ jẹ́ n sọ ibi tí mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ fún yín.

Agége ni wọ́n ti tọ́ mi, nílé ìyá tó bí bàbá mi, kò jìnnà sí ojú irin. Ọmọ onílẹ̀ ni Ìyá Àgbà, Àwórì pọ́ńbélé, ẹni tó máa ń kírun tí yóò sì tún bá onígbàgbọ́ ṣe àmín bí àdúrà náà bá dùn. Bí atẹ́gùn bá fẹ́ láti ìhà Ìkẹjà láàárọ̀, òórùn ṣúgà tó ń jóná nílé iṣẹ́ bisikíìtì ló máa jí wa. Bó bá yí padà, òórùn aró ni, nítorí ilé iṣẹ́ aṣọ kan wà lókè wa tó ń da omi aró rẹ̀ sínú gọ́tà. Gọ́tà iwájú ilé wa a máa pààrọ̀ àwọ̀ bí ọ̀gà: lónìí búlúù, lọ́la pupa, ọ̀túnla yẹ́lò bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n. Àwa ọmọdé gbà pé a ti tipa bẹ́ẹ̀ mọ irú aṣọ tí àwọn ìyá wa yóò rà nígbà ọdún.

Láàárín ọgbà ni ẹ̀rọ omi wa wà, lórí pèpéle símẹ́ńtì tí bàbá àgbà fọwọ́ ara rẹ̀ mọ kó tó kú. Àwọn onílé mìíràn ládùúgbò ti fi àgádágodo ti ẹ̀rọ tiwọn, wọ́n ń ta omi. Ìyá Àgbà kọ̀. Ó ní ẹni tó bá ti omi pa mọ́ ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ, ojú wo ni yóò fi wo Ọlọ́run? Nítorí náà, gbogbo àdúgbò ló ń bọ̀ nílé wa, tàwọn ti kòrobá, tàwọn ti kéègì, àti ìjà tó ń bá títò fún omi rìn.

Ìyá Àgbà ní abọ́ funfun kan, abọ́ tánńganran tí ọkọ rẹ̀ rà bọ̀ láti Mẹ́kà, tí wọ́n ya òdòdó pupa kan sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Abọ́ yẹn ni aláyẹ̀wò omi wa. Bí ẹ̀rọ bá ti wúkọ́ tán, tó tu ìdọ̀tí rẹ̀ dà nù, Ìyá Àgbà yóò gbé abọ́ sábẹ́ rẹ̀, yóò jẹ́ kó kún, yóò sì tẹ̀ ba láti wò ó. Bí kò bá rí òdòdó, ó di ti inú dúrọ́ọ̀mù, a ó ju álọ́ọ̀mù sí i kó lè tòrò. Bó bá rí òdòdó, yóò nàró, yóò sọ pé, "Ó mọ́. Ẹ máa mu." Kò sẹ́ni tó tún ń bèèrè nǹkan kan lẹ́yìn ìyẹn.

Ìgbà tí Sáàpù dé, ètò ọrọ̀ ajé tó sọ ohun gbogbo di ọ̀wọ́n láyé àwọn ológun, ni ikọ́ ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ ju omi rẹ̀ lọ. Omi kò lágbára mọ́ láti gun òkè wá sẹ́nu ẹ̀rọ, làwọn èèyàn bá lọ bá a nísàlẹ̀. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́bàá gọ́tà títí wọ́n fi kan páìpù, wọ́n lu ú, wọ́n ń fi ike bu omi nínú kòtò. Bí wọ́n bá pọn tán, wọ́n á fi igi àti ọ̀rá dí ojú ihò náà. A kò ro ibi kankan sí i. Ọgbọ́n ni a pè é. Ohun tí a kò mọ̀ ni pé nígbà tí omi bá lọ, páìpù a máa fà, ohun tó bá sì wà lẹ́nu ihò rẹ̀ ni yóò fà wọlé.

Àárín ìgbà yẹn ni Fúnmi jẹ́ ọ̀rẹ́ mi. Ará Èkìtì ni wọ́n, wọ́n gba yàrá méjì lẹ́yìn ilé wa. Tíṣà ni ìyá rẹ̀. Ilé iṣẹ́ aṣọ yẹn ni bàbá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó dá òun àti àwọn púpọ̀ dúró. Fúnmi tẹ́ẹ́rẹ́, eyín iwájú rẹ̀ yà, ó sì lè fi àlàfo eyín náà súfèé bí rélùwéè. Bí ọkọ̀ ojú irin bá ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, yóò súfèé dá a lóhùn, a ó sì sáré lọ sẹ́bàá ojú irin lọ juwọ́ sí àwọn tí a kò mọ̀ rí.

Ìyá Fúnmi kì í mu omi tí kò bá sè. Kárósínnì ti di góòlù nígbà náà, ṣùgbọ́n wọ́n lè fi omi tútù rẹ gàrí jẹ sùn kí epo sítóòfù lè ṣẹ́ kù fún kẹ́tùlù. Kódà, omi tí wọ́n á fi rẹ gàrí ọ̀hún, ó gbọ́dọ̀ ti hó rí. Bọ̀dá Múfú, ayálégbé tó ń gbé iwájú ilé, kì í jẹ́ kó sinmi. "Ìyá Fúnmi, ẹ ti sè é tán? Ó ku kí ẹ gún un! Ẹ̀yin ará Èkìtì, kò sóhun tí ẹ kì í fi odó ṣe!" Ìyá Fúnmi á rẹ́rìn-ín, á ní, "Bí mo bá gún un tán, n ó bù fún ọ, Múfú." Kò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú wa pé òun ti bí ọmọ kan tẹ̀lé Fúnmi nílé lọ́hùn-ún, pé ìgbẹ́ gbuuru ló mú un lọ, pé omi odò tí wọ́n rò pé ó mọ́ ni wọ́n fún un mu. Ó kàn ń se omi rẹ̀ ni.

Lẹ́yìn ọdún púpọ̀ tó ti ń retí, ó bí ọmọkùnrin. Inú ọgbà wa dùn bí ẹni pé gbogbo wa la jọ bí i. Fúnmi kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbádùn. Gbogbo ẹni tó bá wọlé ló ń sọ fún pé, "Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ o," bí ẹni pé a fẹ́ bá a du ipò náà.

Nílé wa, bó jẹ́ ọmọ mùsùlùmí, bó jẹ́ ti onígbàgbọ́, Ìyá Àgbà ló ń gbé omi ìkómọ. Yóò bu ú láti ẹnu ẹ̀rọ sínú abọ́ olódòdó, yóò kan ọmọ lẹ́nu, àwọn òbí á tọ́ ọ wò, àwọn èrò á tọ́ ọ wò. Àmukù rẹ̀, ẹ̀gbọ́n ọmọ ló ń mu ún tán, kí àárín òun àti àbúrò rẹ̀ lè tutù títí ọjọ́ alẹ́. Èmi náà ti mu ti àbúrò tí ìyá mi bí rí. Oyè ni a kà á sí.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìkómọ yẹn, Ìyá Fúnmi jáde pẹ̀lú kẹ́tùlù. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, mo ti se omi kan, ó ti tutù. Bóyá kí ẹ lo eléyìí."

Ìyá Àgbà kò bínú. Èyí tó ń dùn mí jù nìyẹn, pé ìfẹ́ ló fi sọ ọ́. Ó fọwọ́ kan èjìká rẹ̀, ó ní, "Ìyá ìkókó, omi tí iná ti pa, ṣé ó tún lè gbọ́ àdúrà? Omi ààyè la fi ń pe ọmọ sáyé." Àwọn àgbà tó wà níjókòó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ààyè ni." Ìyá Fúnmi wo ọkọ rẹ̀, ọkọ rẹ̀ wo ilẹ̀. Ayálégbé ni wọ́n, àgbà ni Ìyá Àgbà, inú dídùn ló sì kó gbogbo èèyàn jọ. Ó gbé kẹ́tùlù rẹ̀ padà sínú ilé.

Omi dé láàárọ̀ yẹn. Ẹ̀rọ wúkọ́, ó tutọ́, ó sì mọ́ lójijì. N kò rí omi tó mọ́ bẹ́ẹ̀ rí. Ìyá Àgbà gbé abọ́ sókè kí gbogbo èèyàn lè rí i, òdòdó pupa náà ń tàn nísàlẹ̀ rẹ̀ bí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já. Wọ́n kan ọmọ lẹ́nu, wọ́n pè é ní Olúwarántí. Abọ́ yípo, oníkálùkù fi ẹnu kàn án. Nígbà tó dé ọwọ́ Fúnmi, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e, ó mu ún láìmí, ó yí abọ́ dojú dé kí a lè rí i pé òun kò ṣẹ́ ẹ̀kán kan kù. A pàtẹ́wọ́ fún un.

Onígbáméjì ni àwọn àgbà ń pe àrùn tó dé lẹ́yìn náà, nítorí pé igbá kan kì í tó aláìsàn rẹ̀: ti èébì, ti ìgbẹ́. Bọ̀dá Múfú dùbúlẹ̀. Ìyá Àgbà dùbúlẹ̀. Èmi náà dùbúlẹ̀. Gbogbo ohun tí mo rántí ni òrùlé ilé tó ń yí lókè mi, àti ìyá mi tó ń fi ṣíbí da omi oníyọ̀ àti ṣúgà sí mi lẹ́nu. Ọmọ tuntun kò ní ju ìgbẹ́ díẹ̀ lọ. Ọmú ìyá rẹ̀ gbà á là. Fúnmi ni wọ́n gbé lọ sílé ìwòsàn. Wọ́n ní kò sí omi tí wọ́n máa fà sí i lára, pé kí bàbá rẹ̀ lọ wá a rà. Ó wá a káàkiri. Ó sì rí i. Òun náà ló ru ike omi yẹn padà wálé lódindi, láìṣí i.

Nígbà tí ara mi fi máa yá tí mo lè jáde sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ti ká ẹní Fúnmi. Rélùwéè kọjá nírọ̀lẹ́. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.

Àwọn elétò ìlera dé, wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ títí dé ihò páìpù lẹ́bàá gọ́tà, wọ́n fi hàn wá. Ìyá Àgbà tẹ̀ lé wọn lọ wò ó pẹ̀lú ọ̀pá. Ó dúró lórí kòtò náà títí, lẹ́yìn náà ló sọ fún mi, kò sì wo ojú mi, "Mo rí òdòdó yẹn. Mo rí i kedere." Gbólóhùn kan náà ni yóò máa sọ láìròtẹ́lẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, bóyá lórí ẹní ìkírun, bóyá níbi tó ti ń bó ẹ̀gúsí.

Ìyá Fúnmi kò kó kúrò, kò sì bú ẹnikẹ́ni. Ó ń kọjá lẹ́bàá Ìyá Àgbà, á kúnlẹ̀ kí i, á máa lọ. Ìkúnlẹ̀ yẹn le ju èébú lọ. Ìgbà tó yá, lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo rí Ìyá Àgbà tó gbé kẹ́tùlù tuntun kan dání, tó ń lọ sẹ́nu ọ̀nà ayálégbé rẹ̀. Ó dúró níta bí àlejò. Ó ní, "Ìyá Fúnmi, kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń sè é."

Obìnrin yẹn gba kẹ́tùlù lọ́wọ́ rẹ̀, ó tan sítóòfù, ó gbé e ka iná. Àwọn méjèèjì jókòó tì í lórí àpótí. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í hó, tí ọmọrí rẹ̀ ń gbọ̀n, ni Ìyá Fúnmi sọ ti ọmọ tó kọ́kọ́ lọ, àti ti odò ilé wọn. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ. Àwọn méjèèjì sunkún níbẹ̀, kẹ́tùlù náà sì hó títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ.

Láti ọjọ́ náà, kò sí omi ìkómọ tí Ìyá Àgbà gbé tí kò kọ́kọ́ gbé ka iná. Bí àgbà kan bá fẹ́ sọ pé iná ti pa á, yóò ní, "Ikú inú rẹ̀ ni iná pa." Èmi sì ni wọ́n fi Rántí lé lọ́wọ́. Èmi ni mo pọ̀n ọ́n, èmi ni mo mú un lọ sílé ìwé. Nígbà tó kọ́ láti máa pè mí ní ẹ̀gbọ́n, ìyá rẹ̀ gbọ́, kò sì tún un ṣe.

Ilé Agége ti di ilé ìtajà báyìí. Ilé iṣẹ́ aṣọ ti kógbá sílé. Gọ́tà náà ti ní àwọ̀ kan ṣoṣo. Omi ti wọ inú ọ̀rá, ó wọ inú ike, onílé kọ̀ọ̀kan ti gbẹ́ kànga ẹ̀rọ tirẹ̀ sẹ́yìn ògiri, a kì í sì í pàdé nídìí omi mọ́, débi tí a ó tilẹ̀ jà. Ṣùgbọ́n ojú la ṣì fi ń wò ó. Ó mọ́ nínú ọ̀rá, a ní ó mọ́, a já a létí, a mu.

Nítorí náà, lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì yẹn, mo já ọ̀rá píọ̀ wọ́tà sínú kẹ́tùlù, mo gbé e ka gáàsì. Ìyàwó Rántí ní, "Àǹtí mi! Píọ̀ wọ́tà lẹ tún ń sè?" Ọkọ rẹ̀ fọwọ́ kàn án, ó ní, "Fi wọ́n sílẹ̀."

Lọ́jọ́ kejì, abọ́ olódòdó tí Ìyá Àgbà fi sílẹ̀ yípo láàárín wa. Ẹnu rẹ̀ ti kán díẹ̀, òdòdó náà ti ṣá. Rántí mu, ìyàwó rẹ̀ mu, àwọn àna mu. Nígbà tó padà bọ̀, gbogbo wọn ń wo ara wọn, nítorí pé àkọ́bí ni ọmọ náà, kò ní ẹ̀gbọ́n tí yóò mu àmukù. Rántí gbé abọ́ náà, ó dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú àgbàdá lọ́rùn, ó gbé e lé mi lọ́wọ́.

Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e. Mo mu ún láìmí. Mo sì yí i dojú dé, kí wọ́n lè rí i pé n kò ṣẹ́ ẹ̀kán kan kù.