Ẹ̀wù Àwọn Àrọ̀ Tó Sunkì

Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni Ouida Faircloth fi fọ aṣọ fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Kọ́lẹ́ẹ̀jì Cedar Bogue, ní gúúsù Mísísípì níbí. Bọ́ọ̀lù tiwa yìí, èyí tí à ń gbá mọ́yà sá lọ bí ẹni tó jí ẹyin gbé, kì í jẹ́ kí aṣọ mọ́. Ouida á wo àbàwọ́n kan ṣoṣo, á sọ ẹni tó ṣubú, ibi tó ṣubú sí, àti bóyá ó sunkún. Púpọ̀ nínú wọn máa ń sunkún. Àrọ̀ ni wọ́n ń pe ẹgbẹ́ wa, bíi ti ẹja. Ẹ̀ẹ̀kan péré la sì borí lọ́dún tó ṣáájú, lọ́jọ́ tí ọkọ̀ àwọn tá a fẹ́ bá gbá bà jẹ́ lọ́nà tí wọn ò dé.

Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án, wọ́n ní kí Àrọ̀ lọ bá àwọn Àgbáǹréré gbá, ẹgbẹ́ yunifásítì ńlá tí ẹnikẹ́ni ò tíì nà láti ọdún mẹ́ta. Ọkùnrin orí rédíò ní bí a bá gbá a nígbà ọgọ́rùn-ún, a lè borí lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn bí mànàmáná bá bá wa dá sí i. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, pásítọ̀ ò tiẹ̀ gbàdúrà ìṣẹ́gun. Ó ní kí Ọlọ́run ṣáà jẹ́ kí àwọn ọmọ náà padà wálé pẹ̀lú eyín wọn.

Ní Ọjọ́bọ̀, Ouida wà nídìí iṣẹ́ nígbà tí Hoyt, àbúrò ọkọ ẹ̀, pè é lórí fóònù. Àgbáǹréré ni Hoyt ń ṣe láti kékeré.

“Ouida, ṣé ẹ ti ra pósí fáwọn ọmọ yẹn?”

“Ẹnu ẹ ni kí wọ́n kọ́kọ́ gbé sínú pósí. Kí ló dé tí wọn ò lè borí?”

“Kí ló dé tí adìyẹ ò lè wa ọkọ̀?”

“Hoyt, nígbà tí mo fẹ́ ẹ̀gbọ́n ẹ, ta ló ní a ò ní lò tó oṣù mẹ́fà?”

“Èmi ni.”

“Ọdún mélòó rèé?”

“Méjìlélógójì. Ṣùgbọ́n nínú ìjà yẹn, ìwọ lo tóbi jù!”

Inú bí Ouida débi pé kò wo ibi tó yí ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ sí. Iná tó le jù ló yí i sí. Ẹ̀wù tuntun ló sì wà níbẹ̀, òwú gidi, tí àgbẹ̀ olówùú kan ṣe fún ẹgbẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn ti tẹ́lẹ̀, wọ́n ti fi ta àwọn ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́rẹ. Nígbà tó ṣí ẹ̀rọ, ẹ̀wù Lavoris Magee, ọmọ tó tóbi bíi fìríìjì, ti di èyí tí ọmọ ọdún mẹ́ta lè wọ̀.

Kóòṣì Renfroe wọlé, ó gbé e sókè. “Màmá, kí lèyí?”

“Ẹ̀wù Lavoris.”

“Lavoris wo?”

“Kóòṣì, má jẹ̀ẹ́ kí n sunkún.”

Kò sí òmíràn, kò sì sí àkókò mọ́. Ní Sátidé, ènìyàn mẹ́ta ló ń wọṣọ fún ẹnì kan. Nígbà tí Àrọ̀ jáde sórí pápá, gbogbo ìdodo wà níta. Lavoris àtàwọn tó sanra bíi tiẹ̀ ò lè sọ apá kalẹ̀. Wọ́n na ọwọ́ sókè bí ẹni tí ọlọ́pàá dá dúró. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ouida fi táwẹ́lì bojú.

Ṣùgbọ́n nínú eré yìí, ẹ̀wù ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù la máa ń dì mú ká tó wó o lulẹ̀. Tiwa ò ṣeé dì mú. Ọwọ́ Àgbáǹréré kàn ń yọ̀ lára wọn. Bí Àgbáǹréré bá sì fẹ́ ju bọ́ọ̀lù síra wọn, apá Lavoris ló ń bà, nítorí apá náà ò níbòmíràn tó lè wà. Nígbà tí fèrè dún, Àrọ̀ ní mẹ́tàlá, Àgbáǹréré mẹ́wàá.

Lavoris sáré wá bá Ouida, ó fẹ́ dì mọ́ ọn, apá kọ̀, kò wálẹ̀. Ouida ló tẹ̀ ba tó dì mọ́ ikùn ẹ̀, tí àwọn méjèèjì ń sunkún. Sísọ́ọ̀sì ni wọ́n fi gé ẹ̀wù náà kúrò lára ẹ̀.

Àṣà wa ni pé bí ènìyàn bá borí irú eré yẹn, á wó òpó góòlù. Ṣùgbọ́n pápá àwọn ẹlòmíràn la ti borí, ọlọ́pàá sì yí òpó tiwọn ká. Bẹ́ẹ̀ la ṣe padà sílé, a wó tiwa, a jù ú sódò. Nígbà tí Sátidé mìíràn pé, a ò ní òpó tá a máa fi gbá bọ́ọ̀lù.

Kóòṣì Renfroe tún wá. “Màmá, ẹ bá wa jẹ́ kí ẹ̀wù náà sunkì díẹ̀ sí i.”

“Kóòṣì, bó bá sunkì ju èyí lọ, ìhòòhò ni wọ́n máa wọ̀.”

Ó fọ wọ́n lómi tútù, ẹgbẹ́ tó kàn sì lù wá bí aṣọ òfì.

Olórí ìlú fún Ouida ní kọ́kọ́rọ́ ìlú láti fi yẹ́ ẹ sí, aláwọ̀ wúrà, ó gùn tó apá. Ó gbìyànjú ẹ̀ lára gbogbo ilẹ̀kùn tó mọ̀. Kò ṣí ìkankan, ó sì kọ lẹ́tà sí olórí ìlú láti béèrè èyí tó tọ́.