Fíìmù Tí Mo Sá Sóòrùn

Ọdún tí òjò wó ògiri ilé tí a háyà ní Ṣógúnlé, tí a fi kó lọ sí Jákàńdè ní Ìsọlọ̀, ọdún yẹn ni mo ba ayọ̀ ọkọ mi jẹ́. Bí mo ṣe sọ ọ́ ni kí o kọ ọ́, ọmọ ọmọ mi.

Ilé sinimá ni ọkọ mi ti ṣiṣẹ́ nígbà èwe, òun ló ń yí ẹ̀rọ. Nígbà tí wọ́n kógbá sílé, ó kó fíìmù àtijọ́ wálé nínú agolo, pẹ̀lú ẹ̀rọ kan tí a fi ń wò wọ́n. Èyí tó fẹ́ràn jù jẹ́ ti òyìnbó, ti ìgbà tí fíìmù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fọhùn: ọkùnrin kan àti obìnrin kan á máa bú ara wọn títí wọ́n á fi fẹ́ra wọn. Ohùn wọn á máa dún bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ìkòkò. N kò gbọ́ èdè wọn, ọkọ mi ló ń túmọ̀ rẹ̀ sí mi létí. Ẹni tí kì í sọ̀rọ̀, ibẹ̀ ló ti ń rẹ́rìn-ín tí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, ń kó irú fíìmù bẹ́ẹ̀ jọ.

"Ìyá Ìbejì, ẹ ṣọ́ra o, ọkọ yín ti fẹ́ òyìnbó lé yín."

"Ẹ jẹ́ ó fẹ́ ẹ. Ṣé yóò bá mi pọnmi?"

Tíṣà ní wọ́n ti sun ọ̀pọ̀ irú fíìmù bẹ́ẹ̀, wọ́n ti da ìyókù nù. Ó lè jẹ́ tiwa nìkan ló kù láyé. Ó ní òun ti rí ẹni tí yóò dà á kọ fún wọn. Sátidé ni onítọ̀hún ń bọ̀.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, mo ní kí n nu agolo náà nítorí àlejò. Òjò Ṣógúnlé ti wọ inú rẹ̀. Ó ń rùn kíkan bí omi ògì tó ti pẹ́. Nílé wa l'Ọ́yọ̀ọ́, ohun tó bá gba ọ̀rinrin, oòrùn là ń sá a sí. Mo tú fíìmù náà, mo fi kọ́ okùn aṣọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kí ọkọ mi tó ti mọ́sálásí dé, fíìmù ti ká kò bí ewé gbígbẹ.

"Ta ló sá èyí?"

"Èmi ni, Bàbá Ìbejì. Ó ń rùn ni."

Kò bú mi. Ó jókòó sílẹ̀, ó ń ká a padà, ó ń ṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó ní, "O ṣeun." Ì bá kúkú lù mí.

Kò túmọ̀ nǹkankan sí mi létí mọ́ títí ó fi kú.

Nígbà tí àwọn ìbejì, tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọwọ́ lọ́dún òjò náà, ń palẹ̀ yàrá rẹ̀ mọ́, wọ́n fẹ́ ju agolo náà nù. Wọ́n ní bàbá àwọn le, àwọn ò rí ẹ̀rín rẹ̀ rí.

Mo ní, "Ẹ gbé e sílẹ̀. Bàbá yín máa ń rẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀. Èmi ni mo sá ẹ̀rín rẹ̀ sóòrùn."