Wàrà Orí Pẹpẹ

Èmi kì í ṣe onísùúrù, gbogbo ará ilé ọkọ mi ló mọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wàrà yìí, ọdún púpọ̀ ni mo fi gbé e mì. Ìyá ọkọ mi ló ń pín ọbẹ̀ nílé wa, òfin rẹ̀ kò sì yẹ̀: ọmọdé kì í jẹ wàrà. Bí obìnrin Fúlàní bá gbé wàrà rẹ̀ dé láti ọ̀nà Adakplamè, èyí tí wọ́n fi ewé ọkà bàbà sè títí tó fi pupa, tí a dín in, tí a sọ ọ́ sínú ọbẹ̀, àgbà ló ni ín. Omi ọbẹ̀ ni tàwọn ọmọ. Ìyá ní ọmọ tó bá tọ́ wàrà wò ní kékeré, olè ni yóò dà.

Ìgbà tó yá, ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, já bọ́ láti orí igi máńgòrò, ọwọ́ òsì rẹ̀ kán. Nọ́ọ̀sì tó bá wa dì í béèrè ohun tó ń jẹ. Mo kà á sílẹ̀: ẹ̀kọ, iṣu, gààrí, ẹ̀wà.

Ó ní, "Wàrà ńkọ́? Mílíìkì ńkọ́? Àsìkò yìí ni egungun rẹ̀ ń kó ohun tí yóò lò dọjọ́ alẹ́. Ẹ máa fún un lójoojúmọ́."

Ojú tì mí. Wàrà ń wọlé wa lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ọmọ mi ń wò ó.

Mo délé, mo rò ó fún Ìyá. Ó gbọ́ tán, ó ní, "Ìyàwó mi, ọwọ́ tó kán á san. Ọwọ́ tó bá mọ olè é jà, ta ni yóò dì í?"

Mo wọ ilé ìdáná, mo ń gbé ìkòkò kalẹ̀ gbà-gbà-gbà kí wọ́n lè gbọ́ pé inú ń bí mi.

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá ra wàrà mẹ́rin, ó kó wọn sínú agbọ̀n, ó gbé e sórí pẹpẹ. Wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ. Ọmọ tèmi fi ọwọ́ kan tó kù fún un fa àpótí, ó gùn ún. Ìgbà tí èmi àti Ìyá jọ wọlé, orí àpótí la bá a, ẹnu rẹ̀ kún bámú, omi wàrà ń ṣàn dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀.

Mo ní ó parí, ọmọ mi kò tún ní fẹnu kan wàrà mọ́ nínú ilé yìí. Mo gbé ọwọ́ sókè láti gbá a.

Ìyá di ọwọ́ mi mú. Èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n, mo rò pé ó ń sunkún. Ẹ̀rín ni. Ó rín in títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Ó ní, "Àpótí ni èmi náà gùn, ní Okpomèta, nílé bàbá mi. Wọ́n lù mí bí ẹni lu bàrà. Lọ́jọ́ kejì, mo tún padà."

Ọmọ mi gbé tẹnu rẹ̀ mì. "Ìyá àgbà, ṣé ẹ wá di olè?"

"Rárá o. Wàrà ló wù mí jẹ."

Nígbà tí a jókòó láti jẹun, Ìyá pín ọbẹ̀ bó ṣe máa ń pín in. Ó wá mú wàrà tó tóbi jù nínú abọ́ tirẹ̀, ó fi sínú ti ọmọ mi. "Jẹ ẹ́. Egungun tèmi ti gbó. Ẹni tí wọ́n bá fún, kí ló fẹ́ jí?" Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé láti jẹ tèmi.

Ọwọ́ náà ti jinná. Àpótí yẹn kò sí ní ilé ìdáná mọ́. Ìyá ti gbé e lọ síwájú ilé, orí rẹ̀ ló ń jókòó sí láti àárọ̀, tó ń dúró de obìnrin Fúlàní, kó lè ra ti ọmọ-ọmọ rẹ̀ kí wàrà tó tán.