Ọwọ́ Tí Kò Gbọdọ̀ Kan Etí

Bí ẹ bá béèrè Fàsílátù télọ̀ ní Ẹ̀jìgbò láyé ìgbà tí à ń wí yìí, ọmọ kékeré ni yóò mú yín dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ́rẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lọ. Oníbàárà tó bá sanra, tó sì ní kí ó bá òun dín aṣọ kí òun lè rí tẹ́ẹ́rẹ́, kò ní ṣàì gbọ́ òótọ́ ọ̀rọ̀. Ọkọ rẹ̀, Jímọ́ọ̀ mẹkáníìkì, ti kó lọ sọ́dọ̀ ìyàwó mìíràn nígbà tí ọdún keje pé tí ọmọ kò dé. Fàsílátù kò bá a jà. Ó ní kó má gbàgbé sípánà rẹ̀ sílé òun.

Ọdún 1970 ni Ọmọpẹ́ dé ọwọ́ rẹ̀. Àbẹ̀bí, àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo, ló lóyún ọmọ náà fún Ràmọ́nù, awakọ̀ akẹ́rù tó jẹ́ ará Masífà. Àbẹ̀bí kú lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀. Ọmọ náà kò sì tíì pé ọdún kan tí ọkọ̀ Ràmọ́nù fi dojú dé lọ́nà Iléṣà, òun náà sì bá ibẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ọlọ́mọ ṣe di ẹni tí kò ní ìyá, tí kò ní bàbá, kí eyín tó hù lẹ́nu rẹ̀.

Lẹ́yìn fídáù ọjọ́ kẹjọ, àwọn ẹbí Ràmọ́nù jókòó ní Masífà, wọ́n pín ogún. Kẹ̀kẹ́ rí olówó orí, agbádá mẹ́ta rí ọrùn tí yóò wọ̀ wọ́n, rédíò fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀. Nígbà tó kan ọmọ, kálukú bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù tirẹ̀. Ẹsẹ̀ ọmọ náà rí tínínrín, ikọ́ kò sì jẹ́ kó sùn. Àwọn tó ń fa rédíò mọ́ra wọn lọ́wọ́ kò rí ọwọ́ nà sí i. Fàsílátù, tó jókòó sẹ́yìn gẹ́gẹ́ bí àna, ní kí wọ́n gbé e fún òun. Baba Kàsímù, ẹ̀gbọ́n bàbá olóògbé tí í ṣe olórí ẹbí, mi orí, ó sì sọ ọ̀rọ̀ kan.

"Kò burú, Fàsílátù. Ṣùgbọ́n àwa la lọmọ o. Bá wa tọ́jú ẹ̀ ná. Tọ́wọ́ ẹ̀ bá ti kan etí, a ó wá mú ọmọ wa."

Gbogbo wa la mọ ohun tó ń wí. Láyé ìgbà náà, ọ̀pọ̀ òbí kò ní ìwé ọjọ́ ìbí kankan. Bí a bá mú ọmọ lọ síléèwé, tísà á ní kó gbé apá ọ̀tún gba àárín orí kọjá, kó fi ìka kan etí òsì. Bí ó bá kàn, ọmọ ti tó ọmọ iléèwé. Bí kò bá kàn, ó di ọdún mìíràn. Ohun tí Baba Kàsímù sọ ni pé bí ọmọ náà bá ti tó ọmọ ọdún mẹ́fà, wọn yóò gbà á. Kò sì sí ẹni tí yóò bá wọn jiyàn, nítorí ẹbí bàbá ló lọmọ nílẹ̀ wa, ẹ̀gbọ́n ìyá a kàn máa tọ́ ọ ni.

Fàsílátù tọ́ ọ. Ó se àgbo, ó po ẹ̀kọ, ó pọn ọ́n sẹ́yìn nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ títí ẹ̀yìn fi ń dùn ún. Ọmọ náà ti lé lọ́dún méjì kó tó rìn. Lọ́jọ́ tó rìn, Fàsílátù pa aṣọ ìyàwó tó ń rán lọ́wọ́ tì, ó sì sunkún bí ẹni òfò ṣẹ̀. Láti Masífà sí Ẹ̀jìgbò, èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn ín kí oòrùn tó mú, síbẹ̀ ẹnikẹ́ni kò wá wo ọmọ. Kí n má purọ́ mọ́ wọn: Baba Kàsímù fi ẹran Iléyá ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Egungun ló pọ̀ jù níbẹ̀.

Nígbà tó yá, Ọmọpẹ́ di ọmọ gidi, aláwàdà, ẹlẹ́rìn-ín. Òun ló ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́, òun ló ń ṣa bọ́tìnnì. "Ìyá" ló ń pe Fàsílátù. Lọ́jọ́ kan tí òun àti àwọn ọmọ àdúgbò ń ṣeré níta, ó sáré wọlé, apá rẹ̀ lórí.

"Ìyá, ẹ wò ó! Ó kàn! Ó kàn!"

 Gbogbo ohun tí Fàsílátù ń bẹ̀rù láti ọdún mélòó kan wá ló dúró níwájú rẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín.

"Kò tíì kàn," ó wí. "O kàn tẹ orí ni. Bó ṣe yẹ kó o ṣe é nìyí." Ó mú ọmọ náà lápá, ó kọ́ ọ bí yóò ṣe sọ èjìká sílẹ̀, bí yóò ṣe ká ìgúnpá, títí ìka fi dúró lókè etí, tí kò lè sọ̀ kalẹ̀ dé ibẹ̀. Wọ́n ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Nígbà tí ọmọ náà ṣe é tó yọrí, ó fún un ní àkàrà.

Bó bá jẹ́ èmi ni, bóyá ohun tí n bá ṣe náà nìyẹn. Ẹ̀rù kì í jẹ́ kí èèyàn ro ọ̀rọ̀ já.

Oṣù kẹsàn-án ọdún 1976 ni ìjọba ní ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti di ọ̀fẹ́ jákèjádò orílẹ̀-èdè. Àwọn òbí ya bo ìsọ̀ Fàsílátù fún yunifọ́ọ̀mù. Ó ń rán an tọ̀sán tòru, ìdajì àdúgbò ló wọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lọ sí kíláàsì. Ọmọpẹ́ ló ń bá wọn wọ̀n ọ́n wò, nítorí pé ara òun àti tàwọn ọmọ náà ṣe déédéé. Á wọ aṣọ ọmọ ẹlòmíì, á yí po lẹ́ẹ̀mejì, á sì bọ́ ọ.

Tísà Oyèníran, tó ń gbé lódìkejì títì, kò lè mú un mọ́ra.

"Ìyá Ọmọpẹ́, ọ̀fẹ́ ni o. Kí ló dé tẹ́ ò tíì mú ọmọ yín wá?"

"Ọwọ́ ẹ̀ ò tíì kan etí, Tísà. Ẹ wò ó fúnra yín."

Ọmọpẹ́ gbé apá. Ó sọ èjìká sílẹ̀, ó ká ìgúnpá. Ìka dúró lókè etí. Tísà wo ọmọ náà, ó wo Fàsílátù, ó ní ó di ọdún tó ń bọ̀. Nígbà tí ọdún tó ń bọ̀ dé, wọ́n tún ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ Ọmọpẹ́ ti wà ní kíláàsì kejì, wọ́n sì ti sọ ọ́ ní Ọlọ́wọ́-kúkúrú. Ó máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà nígbà tí agogo iléèwé bá lù. Fàsílátù ń rí i. Ó ń dùn ún wọra, ṣùgbọ́n ó ń wí fún ara rẹ̀ pé kí ọmọ má mọ̀wé, kó ṣáà wà lọ́dọ̀ òun.

Iléyá ọdún 1977 ni àwọn ọmọ ìlú wa tó ń ṣòwò ní Àbíjàn wálé lọ́pọ̀. Àlíù, àbúrò Ràmọ́nù, wà nínú wọn, pẹ̀lú bàtà tó ń dún àti ẹ̀wù tó ń dán. Ní ọjọ́ kẹta ọdún, wọ́n ránṣẹ́ sí Fàsílátù pé kí ó mú ọmọ wá sí Masífà. Ó wọ aṣọ tó dára jù fún Ọmọpẹ́. Lójú ọ̀nà, ó ní, "Bí wọ́n bá ní kó o gbé ọwọ́, o mọ bó o ṣe ń ṣe é." Ọmọ náà ní òun mọ̀ ọ́n.

Baba Kàsímù gbà wọ́n tọ̀yàyà tọ̀yàyà.

"Fàsílátù, o ṣeun, o ṣe bí ìyá. Ohun tá a tìtorí ẹ̀ pè ẹ́ nìyí: ìyàwó Àlíù ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ l'Ábíjàn. Ó ń fẹ́ ọmọbìnrin tí yóò máa bá a gbọ́mọ, tí yóò sì máa bá a kiri abọ́. Ọmọbìnrin mẹ́ta ló tó bẹ́ẹ̀ nínú ẹbí. Méjì ti wà níléèwé, a ò sì ní yọ ọmọ nídìí ìwé. Tìẹ ńkọ́? Kíláàsì wo ló wà?"

Fàsílátù kò retí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdáhùn tó ti há sórí ló bọ́ sí i lẹ́nu.

"Kò tíì wọ iléèwé, Baba. Ọwọ́ ẹ̀ ò tíì kan etí."

"Sàfá," ni Àlíù wí lédè Faransé tí wọ́n ń sọ lọ́hùn-ún, "ó ti dára bẹ́ẹ̀. Kò sóhun tá a ó dá dúró."

"Ó ti parí nìyẹn," ni Baba Kàsímù wí.

Fàsílátù dìde lórí ẹní. "Baba, ẹ̀yin lẹ sọ pé ó dìgbà tọ́wọ́ ẹ̀ bá kan etí kẹ́ ẹ tó mú un!"

"Èmi? Nígbà wo?"

"Lọ́jọ́ fídáù bàbá ẹ̀."

Baba Kàsímù wo àjà títí. "Èmi ò rántí o. Ọjọ́ òfò ni, ta ló ń ka ọ̀rọ̀ sí? Ká ní o ti fọmọ síléèwé ni, ta ni ì bá bi ọ́ léèrè ẹ̀?"

Ọdún méje ni Fàsílátù fi gbé ọ̀rọ̀ náà sáyà, ẹni tó sọ ọ́ kò sì gbé e dé ẹnu ọ̀nà. Ó kúnlẹ̀. Omi ojú ò jẹ́ kó ríran mọ́.

"Ó kàn, Baba! Irọ́ ni mo pa, ó ti kàn láti ọdún tó kọjá lọ́hùn-ún. Lọ́la ni n óò mú un lọ bá Tísà, n ó fi síléèwé, ẹ jọ̀ọ́. Ọmọpẹ́, gbé ọwọ́ rẹ, jẹ́ kí wọ́n rí i."

Ọmọ náà dìde láàárín àwọn àgbà. Ó wo ojú ìyá rẹ̀, ó rántí ohun tí ìyá sọ fún òun lójú ọ̀nà. Ó gbé apá, ó sọ èjìká sílẹ̀, ó ká ìgúnpá dáadáa. Ìka dúró lókè etí, ó sì fi í síbẹ̀, kò mì.

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Baba Kàsímù kò rín. "Má fipá mú ọmọ, Fàsílátù," ó wí, bí ẹni tó ń káàánú rẹ̀. "Jẹ́ kó máa lọ. Ọmọ wa náà kọ́ ni?" Ọmọ ọlọ́mọ là ń rán níṣẹ́ dé tòru tòru, kò sẹ́ni tó pa òwe náà lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n.

Àlíù di ọwọ́ ọmọ mú níbẹ̀. Wọ́n ní ọkọ̀ yóò gbéra láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kò sì sídìí fún ọmọ náà láti padà sí Ẹ̀jìgbò. Wọ́n gba Fàsílátù láyè kó dágbére. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń tún kọ́là ẹ̀wù ọmọ náà ṣe, kọ́là tí kò ní àbùkù kankan. Ọmọpẹ́ na ẹnu sí i létí kí àwọn àgbà má baà gbọ́.

"Ìyá, ṣé mo ṣe é dáadáa?"

"O ṣe é dáadáa," ni Fàsílátù wí.