Àyà Mi a Máa Já

Òórùn kòkó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó jáde nínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, tí wọ́n sá sórí simẹ́ńtì lẹ́yìn ilé ìlera wa, kì í jẹ́ kí n gbàgbé. Ó kan nímú díẹ̀, ó sì tún dùn, ó wá dà pọ̀ mọ́ oògùn tí a fi ń nu ilẹ̀. O mọ ìlú kékeré tí mò ń wí, èyí tó wà lórí òkè lójú ọ̀nà tó ti Erìò lọ sí Ẹ̀fọ̀n. Níbikíbi tí òórùn yẹn bá ti bá mi, fèrèsé ilé ìlera náà ni mo máa ń rí, àti ìyá àgbàlagbà kan tó jókòó síwájú rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò.

Ojú fèrèsé yẹn nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń wọlé dáadáa, ìdí nìyẹn tí a fi sọ ọ́ di yàrá dókítà. Àbújá ni dókítà fúnra rẹ̀ wà. Inú fóònù la ti ń rí i ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Ọ̀dọ́bìnrin ni, ó ní sùúrù, ó sì mọ iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọ́ Yorùbá rárá, ká má tiì wá sọ ti Èkìtì. Èmi ni mo ń gbé fóònù dání, èmi náà ni ògbufọ̀. Kí n má purọ́ fún ọ, mo gbádùn rẹ̀. Mi ò kàwé nọ́ọ̀sì, òṣìṣẹ́ ìlera lásán ni mí, ṣùgbọ́n ní Ọjọ́bọ̀, ẹnu mi ni àìsàn gbogbo ìlú ń gbà kọjá. Wọ́n á pè mí ní nọ́ọ̀sì Ọjọ́bọ̀, wọ́n á ní Gẹ̀ẹ́sì ń yọ lẹ́nu mi bí omi ẹ̀rọ, orí mi á sì máa wú.

Ìyá tí mò ń wí yìí ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ó sì ti ń lo oògùn rẹ̀ ọjọ́ pẹ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń ránṣọ lẹ́bàá ọjà ló mú un wá. Wọ́n ti sọ fún un pé dókítà Àbújá máa rí i, ó sì ní òun ò lè bọ́ sójú àlejò bí ẹni tó ń ti oko bọ̀. Ó wọ aṣọ tó fi ń lọ gba ara Olúwa, ó gbé ìlẹ̀kẹ̀ sọ́rùn, ó sì fi páúdà kun gbogbo ojú. Mo ní, “Ìyá, ìyàwó tuntun lẹ dà yìí o.” Ó rẹ́rìn-ín títí. Páúdà yẹn wà lára ohun tí mi ò tíì dárí ẹ̀ ji ara mi. Ṣe ló yẹ kí n ní kó nù ún, kí dókítà lè rí bí ojú rẹ̀ ṣe rí gan-an.

Dókítà kí i, ó bi í bóyá ara rẹ̀ le. Mo túmọ̀ rẹ̀. Ìyá ní ara òun le, a dúpẹ́. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyẹn. Ẹni tó ń kú lọ náà á kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá kí i. Mo rọ̀ ọ́, ó wá sọ pé orúnkún ń dun òun. Dókítà sọ oògùn orúnkún, ó ní kó má ṣe fi ti ẹ̀jẹ̀ ríru sílẹ̀, ó sì béèrè bóyá nǹkan mìíràn tún wà. Ní àsìkò yẹn, àmì nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ku ẹyọ kan, àwọn aláìsàn tó kù sì ń jan ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì lóde. Ojú mi wà lára fóònù, mò ń yí i sọ́tùn-ún sósì kó má baà já.

Ìyá sún mọ́ fóònù díẹ̀. Ó wá ní, “Àyà mi a máa já, ọmọ mi. A máa já gan-an.”

Ìwọ náà gbọ́ ọ bí mo ṣe gbọ́ ọ, àbí? Láàrin wa, bí àyà ẹnìkan bá já, ẹ̀rù ló bà á. Mo wo aṣọ ìsìn, mo rántí páúdà, mo sì sọ fún dókítà ní kíá pé ẹ̀rù fóònù ló ń ba màmá. Dókítà rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Sọ fún wọn pé ọmọ wọn ni mí, kí wọ́n má bẹ̀rù mi.” Mo sọ ọ́, ọmọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìyá wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan, òun náà sì rẹ́rìn-ín kékeré. Ó ní, “Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí mi lọ ulé.”

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ó ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀, ó jókòó sórí àpáta kan lójú ọ̀nà òkè pé kí òun sinmi díẹ̀. Kò dìde mọ́. A lọ kí àwọn ọmọ. Àwọn èèyàn ní ó dàgbà, ó tọ́jọ́, ó lọ bí ẹni tó sùn, mo sì bá wọn ṣe àmín. Mo tilẹ̀ jẹun níbẹ̀. N kò ro nǹkan kan.

Ó lé ní ọdún kan lẹ́yìn náà tí wọ́n kó gbogbo àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ yìí jọ sí gbọ̀ngàn kan ní Adó. Wọ́n ní fóònù tuntun ń bọ̀ tí yóò máa túmọ̀ ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Aláìsàn á sọ ti ẹnu rẹ̀, dókítà á kà á ní Gẹ̀ẹ́sì, kò ní sí pé à ń wá ògbufọ̀ mọ́. Wọ́n ní àwọn ìpè wa àtijọ́ tí wọ́n gbà sílẹ̀, pẹ̀lú ìtumọ̀ tí a ṣe nínú wọn, ni wọ́n fi kọ́ ọ. Inú wa dùn. Wọ́n wá gbé ọ̀kan sára ògiri kí a fi wòran, èyí tí wọ́n ní ó fi ìwà pẹ̀lẹ́ dókítà hàn dáadáa.

Wọ́n ti pa ojú aláìsàn rẹ́ kí ẹnikẹ́ni má baà dá a mọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ ìlẹ̀kẹ̀ náà. Mo sì mọ ohùn ara mi. Níwọ̀n bí kò ti sí ojú tí a lè wò, ọwọ́ ni mo ń wò. Nígbà tí ìyá ní àyà òun a máa já, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ wà lábẹ́ ọmú òsì, ó sì ń fi ìka lu aṣọ rẹ̀. Á lù ú kíákíá, á dúró, á tún sáré, á tún dúró. Ó ń fi bó ṣe ń já hàn wá. Ẹ̀rù kankan kò bà á. Ọkàn rẹ̀ ló ń wí, èmi ni mo sì sọ ọ́ di ẹ̀rù.

Lẹ́yìn náà ni ìtumọ̀ ti fóònù tuntun jáde lábẹ́ àwòrán: ẹ̀rù fóònù ń bà mí. Ó bá tèmi mu, wọ́n sì pàtẹ́wọ́. Kò sí fóònù kankan nínú ọ̀rọ̀ ìyá. Èmi ni mo fi í sí i. Àṣìṣe mi ni wọ́n ti fi kọ́ ẹ̀rọ yẹn, ẹ̀rọ náà sì fẹ́ máa gbé e kiri láti Ìjerò dé Àrámọ̀kọ, síwájú gbogbo dókítà tí kò gbọ́ èdè wa. Bí mo bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ láéláé, màá sì jẹ́ nọ́ọ̀sì Ọjọ́bọ̀ lọ. Mo na ọwọ́ sókè. Mo ní kí wọ́n dá a padà sẹ́yìn, kí wọ́n wo ọwọ́ ìyá. Mo ní èmi ni mò ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ yẹn, pé mo túmọ̀ rẹ̀ ní òdì, pé ìyá náà ti kú. Ẹni tó ń kọ́ wa níbẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀, ó ní àwọn á tún un ṣe, ó sì ní kí a lọ jẹun.

Bóyá wọ́n tún un ṣe, mi ò mọ̀. Bóyá ìyá ì bá kú náà ká ní mo túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe tọ́, mi ò mọ ìyẹn náà. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn títí di òní ni pé ó ti gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwájú dókítà, a sì fi ẹ̀rín dá a padà. Mi ò lè gbé e pamọ́. Mo lọ bá ọmọ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, mo ní kó dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ láì fi kan bò. Mo rò pé yóò bú mi. Mo tilẹ̀ fẹ́ kó bú mi.

Ó fa aṣọ yọ kúrò lábẹ́ abẹ́rẹ́. Ó ní, “Bí a ṣe ń sọ̀kalẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, inú ìyá mi dùn. Wọ́n ní, ‘Dókítà rẹ́rìn-ín. Ohun tó lè pani kì í pa dókítà lẹ́rìn-ín.’ Láti ọjọ́ náà ni wọn ò ti sọ ti àyà yẹn fún mi mọ́.”

Fóònù tuntun kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa, mo ṣì ń ṣe iṣẹ́ yẹn, ṣùgbọ́n ara aláìsàn ni mo máa ń wò báyìí, kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa já tó bá fẹ́ já. Gbogbo èèyàn ló máa ń sọ pé dókítà ló jìnnà sí ìyá yẹn. Èmi tí mo jókòó tì í, tí aṣọ wa ń kanra, èmi ni mo jìnnà.