Ọwọ́ Ta Ló Wà Léjìká Gbénga?

Ohun tó ń bí Adékẹ́mi télọ̀ nínú lórí ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ kò lóǹkà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi ti ajá bẹ̀rẹ̀. Ajá tó ń wọ súwẹ́tà! Obìnrin tó ti ń rán yúnífọ́ọ̀mù fáwọn ọmọ iléèwé ní Ọ̀rẹ̀ láti ọdún méjìlélọ́gbọ̀n, tó mọ iye ọmọ tó ń fi ṣòkòtò tó já nídìí lọ síléèwé, òun ni Olúwagbénga máa pè láti Ṣìkágò lójú fídíò, táá ní, “Màámi, ẹ wo aṣọ tuntun tí a rà fún Kòkó.” Kòkó lorúkọ ajá, ó ní òun fi ń rántí oko kòkó Bàbá Odígbó, ẹ̀gbọ́n bàbá òun. Adékẹ́mi á ju aṣọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. “Aṣọ ajá kẹ̀? Gbénga, ṣé orí ẹ pé báyìí?” Ọmọ á máa rẹ́rìn-ín, ajá náà á máa wo ojú fóònù.

Ọjọ́ Sátidé ló máa ń pè, torí Sátidé ni ọjọ́ fàájì rẹ̀. Bó bá ti di aago mẹ́ta ọ̀sán ní Ọ̀rẹ̀, táwọn ọkọ̀ tó ń lọ sí Benin ń fọn fèrè níwájú ṣọ́ọ̀bù, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ló ń lù lọ́dọ̀ tiẹ̀. Ó ń lọ gbá bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá létí adágún omi ńlá tó wà nílùú wọn, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn ọkùnrin tó jẹ́ pé ọkùnrin ẹlẹgbẹ́ wọn ni wọ́n ń fẹ́. Wọ́n ti fìdí rẹmi fún ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá léraléra, síbẹ̀ wọ́n dá jẹ́sì tuntun. “Ẹ ò mọ bọ́ọ̀lù gbá, ẹ wá ń dá jẹ́sì!” ni Adékẹ́mi á pariwo. Lẹ́yìn bọ́ọ̀lù, wọ́n á lọ jẹ ẹyin àti búrẹ́dì, oúnjẹ tí kì í ṣe tàárọ̀, tí kì í ṣe tọ̀sán, wọ́n á sì tò sórí ìlà fún odindi wákàtí kan kí wọ́n tó ríbi jókòó. Ọjọ́rú ni ti ẹgbẹ́ akọrin wọn, ọgọ́rin ọkùnrin, tí olùdarí wọn ń jágbe mọ́ wọn bíi tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Tó bá di oṣù kẹfà, wọ́n á yan lójú títì pẹ̀lú àsíá aláwọ̀ òṣùmàrè, àwọn ìyá àgbà á sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, wọ́n á máa fún wọn lómi mu. Kò séyìí tí Gbénga kì í fi han ìyá rẹ̀ níbẹ̀, títí dórí ibi tó ti ń jókòó ti ẹ̀rọ ìfọṣọ. Ìyá á máa wò, á máa kọ hà, á máa bínú, á sì tún máa bèèrè pé ta ló borí.

Ọdún kẹta rèé tó ti sọ fún un. Ó ní, “Màámi, mi ò ní fẹ́ obìnrin. Victor tí mo sọ pé a jọ ń gbé, òun ni olólùfẹ́ mi.” Adékẹ́mi ń rán ẹ̀wù lọ́wọ́, kò sì dáwọ́ dúró. Ìgbà tó máa gbé e sókè wò, apá òsì méjì ló ti rán mọ́ ẹ̀wù kan ṣoṣo. Ó tú u. Ó gbààwẹ̀ ọjọ́ méje, ó sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Nígbà tí ààwẹ̀ parí, ó rí i pé ọmọ òun náà ṣì ni. Ló bá pè é, ó ní, “Gbénga, o ti jẹun?”

Ṣùgbọ́n ti Victor, rárá o. Ọmọ Ṣìkágò gan-an ni Victor, kò gbọ́ Yorùbá kankan ju ìkíni kan tí Gbénga kọ́ ọ lọ. Ní Sátidé gbogbo, á gba ẹ̀yìn Gbénga kọjá pẹ̀lú ife kọfí lọ́wọ́, á tẹrí ba, á kígbe pé, “Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá!” Adékẹ́mi á sáré bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹfun tó fi ń sàmì sáṣọ lábẹ́ tábìlì, tàbí kó pa fóònù pátápátá. Kí wọ́n kí ọmọ Yorùbá, kó má dáhùn! Ó ti na Gbénga rí lórí irú ẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún márùn-ún. Ó ń dùn ún o, ṣùgbọ́n ó ti pinnu. Bóun bá dá a lóhùn, òun ti mọ̀ ọ́n nìyẹn, ohun téèyàn bá sì ti mọ̀ ò ṣeé sọ pé òun ò mọ̀.

Èwo wá ni ti Láoyè? Láoyè ni Bàbá Odígbó, ẹ̀gbọ́n olóògbé ọkọ Adékẹ́mi, òun ló fi oko kòkó rán Gbénga níléèwé lẹ́yìn ikú bàbá rẹ̀, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè gbó o lẹ́nu. Ọdún mẹ́ta ló fi ń wá ìyàwó fún Gbénga. Adékẹ́mi á ní ọmọ ṣì ń kàwé. Á ní ìwé ìgbélùú rẹ̀ ò tíì jáde. Àwáwí ń tán lọ, orí rẹ̀ sì ń gbóná. Ní Ọjọ́bọ̀ kan, bàbá náà sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó ní, “Ìyá Gbénga, a ti ríyàwó o! Princess, ọmọ tíṣà tí wọ́n gbé wá láti Èkìtì. Sátidé tó ń bọ̀ ni ìdána.”

“Bàbá, ọkọ ìyàwó dà?”

“Fọ́tò la máa gbé sórí àga. Ṣé àwa la máa kọ́kọ́ ṣe é ni?”

Lóòótọ́, kì í ṣe àwọn ni wọ́n máa kọ́kọ́ ṣe é. Bí ọmọ bá wà lókè òkun, fọ́tò rẹ̀ nìyàwó máa ń kúnlẹ̀ fún, fọ́tò ló máa ń dé fìlà fún, ilé àna ló máa ń gbé títí ọkọ fi máa ránṣẹ́. Ẹni tí ọkọ kò ránṣẹ́ sí ńkọ́? Adékẹ́mi mọ ọ̀kan. Moyọ̀sọ́lá ará Araromi-Obu ti wà nílé ọkọ fọ́tò fún ọdún mẹ́wàá. Lóṣù kọkànlá ọdọọdún ló ń wá sí ṣọ́ọ̀bù wá rán aṣọ tuntun, pé bóyá ọkọ òun máa wálé Kérésì. Lọ́dọọdún ni Adékẹ́mi ń fẹ ìbàdí aṣọ náà sí i. Ọkọ ò wálé.

Ó pe Gbénga lọ́jọ́ náà gan-an, ó sọ ti ìdána fún un.

“Ìwọ lo máa sọ fún Bàbá Odígbó. Ìwọ fúnra ẹ.”

“Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún wọn.”

“Kí n bá ọ sọ kí ni? Gbénga, ìwọ tó o gbé àsíá láàárín títì tí gbogbo ayé ń wò ọ́! Ọlọ́pàá ń dá ọkọ̀ dúró fún ọ! Láoyè kan ṣoṣo tó ń jẹ obì ní Odígbó ló wá dì ọ́ lẹ́nu?”

“Wọ́n á fìyà jẹ yín níbẹ̀, Màámi.”

“Èyí tí mò ń jẹ yìí, kí lo pè é?”

Nígbẹ̀yìn, Gbénga ṣèlérí pé bí wọ́n bá pe òun níbi ìdána, òun á sọ ọ́ níṣojú gbogbo wọn. Adékẹ́mi gbà á gbọ́, torí ìyá ni.

Sátidé pé. Fọ́tò Gbénga wà lórí àga nínú pálọ̀ Odígbó, nínú férémù aláwọ̀ wúrà, pẹ̀lú agbádá àti ẹ̀rín. Adékẹ́mi sún mọ́ férémù, ó tẹjú mọ́ ọn. Wásáàpù Gbénga ni Láoyè ti yọ fọ́tò náà, ó sì gbé e fún Gàzálì onífọ́tò ní gárééjì Ọ̀rẹ̀ pé kó sọ ọ́ di ńlá, kó sì bá òun gé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Gàzálì gé ọ̀rẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ ti gbé ọwọ́ lé Gbénga léjìká, Gàzálì sì ní bóun bá yọ ọwọ́ náà, èjìká á bá a lọ. Ló bá fi í sílẹ̀. Ìka mẹ́rin dúdú rèé léjìká ọkọ ìyàwó, òrùka fàdákà sì wà nínú ọ̀kan.

Princess wọlé, ó kúnlẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni, ojú rẹ̀ mú. Wọ́n gbé fìlà lé e lọ́wọ́ pé kó dé e fún ọkọ rẹ̀. Ó wo fọ́tò, ó tún un wò.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà,” ó ní, “ọwọ́ ta lèyí?”

Pálọ̀ bú sẹ́rìn-ín. “Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni,” ni Láoyè wí. “Ọkọ lo wá fẹ́, ọwọ́ kọ́!” Princess ò rẹ́rìn-ín. Adékẹ́mi ló yíjú sí.

Láoyè ti ń pe Gbénga. Ojú rẹ̀ yọ nínú fóònù, òógùn ń ṣàn lára rẹ̀, jẹ́sì tuntun lọ́rùn. “Ọkọ ìyàwó!” ni gbogbo ilé kígbe. Gbénga la ẹnu. Adékẹ́mi di ìjókòó mú. Sọ ọ́, ọmọ mi. Sọ ọ́.

“Bàbá,” ni Gbénga wí, “mi ò gbọ́ yín dáadáa o… nẹ́tíwọ́ọ̀kì…”

Gbogbo wọn ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù gbìì-gbìì lẹ́yìn rẹ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì wo? Fóònù kú.

Háà! Inú bí Adékẹ́mi débi pé ojú rẹ̀ ṣú. Gbogbo ẹnu tó fi ń sọ̀rọ̀ ajá! “Kò burú,” ni Láoyè wí, “fọ́tò ṣáà wà níbí. Princess, ó yá.” Ọmọ náà gbé fìlà sókè. Adékẹ́mi rí Moyọ̀sọ́lá níbẹ̀ kedere, pẹ̀lú aṣọ Kérésì tí ìbàdí rẹ̀ ń fẹ̀ sí i. Ó dìde, ó gbé férémù kúrò lórí àga, ó gbá a mọ́ àyà.

“Princess, dìde. Gbénga ti lẹ́ni tó ń bá gbé. Ọwọ́ ẹni náà lo bèèrè yẹn.”

“Ọwọ́ ọkùnrin nìyẹn!” ni Láoyè wí.

“Mo mọ̀, Bàbá. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí mo ti mọ̀. Ẹ má bínú pé mo jẹ́ kó dé orí ìkúnlẹ̀.”

Ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀! Wọ́n pariwo, wọ́n fèpè lé e, wọ́n ní ẹ̀wọ̀n ni irú ọ̀rọ̀ yẹn ń fani lọ nílẹ̀ yìí. Tíṣà, bàbá Princess, kó àwọn èèyàn rẹ̀ jáde. Princess gbé fìlà sílẹ̀ rọra, nígbà tó sì dé ẹ̀gbẹ́ Adékẹ́mi, ó yíkàá, ó ní, “Ẹ ṣé, mà,” ó sì jáde. Láoyè na ìka sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tí wọ́n sin ọkọ Adékẹ́mi sí, tí obìnrin náà ti ń fọ ojú oórì rẹ̀ ní gbogbo ọdún Àjíǹde. Ó ní, “O ò ní fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ yẹn mọ́ láyé mi.”

Ìyẹn ló dùn ún jù. Orí ọ̀kadà ló ti sunkún láti Odígbó dé Ọ̀rẹ̀, férémù lórí itan, ọlọ́kadà sì ń bi í bóyá èèyàn ló kú.

Ó ṣí ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó láìṣe nǹkan kan. Fóònù dún. Gbénga ni, ó ti délé.

“Màámi, wọ́n ti pè mí. Bàbá pè mí. Kí lẹ sọ fún wọn?”

“Ohun tó yẹ kó o sọ ni. Mo dúró dè ọ́, Gbénga. Mo jókòó síbẹ̀, mò ń dúró dè ọ́!”

Ọmọ bú sẹ́kún. Ó ní ojú ló ti òun, ó ní bóun ṣe rí ojú Bàbá, ẹnu òun kú.

“Má sunkún sí mi létí jàre. Mo ti sun tèmi tán lórí ọ̀kadà.” Ṣùgbọ́n òun náà ti tún ń nu ojú.

Ibẹ̀ ni Victor gba ẹ̀yìn Gbénga kọjá pẹ̀lú ife kọfí. Gbénga ò tíì sọ nǹkan kan fún un. Victor tẹrí ba bíi ti gbogbo Sátidé, òrùka fàdákà wà níka rẹ̀.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá!”

Adékẹ́mi ò wá ẹfun. Ó wo ọwọ́ náà.

“Oo,” ó ní. “Victor. O ti jẹun?”

Ọkùnrin náà dúró gbagidi, ó ń wo Gbénga, torí kò kọ́ èyí rí. Gbénga náà ò lè sọ̀rọ̀.

“Gbénga, ṣé o tún ti yadi ni?” ni Adékẹ́mi jágbe mọ́ ọn. “Bá mi bi í!”